Ìgò Tí Ohùn Ògúnrìndé Wà

“Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kọ́ òjò bí wọ́n ṣe ń rọ̀. Kí n tó dáyé, ńṣe ni òjò máa ń dúró sókè, tí ojú máa ń tì í, tí kò mọ ẹsẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Èmi ni mo pè é, mo ní, ‘Òjò, má bẹ̀rù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí o fi síwájú.’ Láti ọjọ́ náà ni ayé ti ń rí omi mu.”

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ nìyẹn lẹ́nu géètì Ilé Ohùn, ní ìlú Ṣakí, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà. Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tó ń ké bí a bá purọ́, tó so mọ́ mi lọ́rùn, kò sì ké. Kò tilẹ̀ hú.

Ajíbóyè ni ẹ̀ṣọ́ náà ń jẹ́. Ọkùnrin gìrìwò ni, ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi iṣẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó jí. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí lé mi lọ́rùn.

“Àbí èyí ti kú ni?”

“Ẹ fọwọ́ kàn án, ọ̀gá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.”

Ó fọwọ́ kàn án. Ẹlẹ́rìí kò tóbi ju ẹkùrọ́ lọ, ṣùgbọ́n iná kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú pé òun ń mí. Ti tèmi ń ṣẹ́jú. Ajíbóyè wò mí, ó wo ojú ọ̀run, ó tún wò mí. Lẹ́yìn mi, ọ̀gbẹ́ni kan tí oòrùn ti sun dúdú pariwo pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé! Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti wà lórí ìdúró níbí!”

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀! Ẹlẹ́rìí ọrùn rẹ̀ ké bí àgbébọ̀ tó fẹ́ yé. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

“Ó di ẹ̀ẹ̀kan,” ni Ajíbóyè wí, láìwò ó. “Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á rọ ohùn ẹ sínú ìgò, wàá sì máa fọwọ́ júwe ẹ̀bà títí ọdún á fi yí po.”

Ọ̀gbẹ́ni náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ajíbóyè yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó yọ fìlà. “Ẹ má bínú, sà. Ẹlẹ́rìí kì í purọ́. Ẹ ṣé o, fún òjò àná. Iṣu mi ti fẹ́ gbẹ.”

“Kò tọ́pẹ́,” ni mo wí. “Ọ̀túnla, màá tún ní kí ó yà lọ́dọ̀ yín.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, n ò ní fi ọgbọ́n náà pamọ́ fún yín. Kí n tó débi géètì, Ajíbóyè ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ó dijú, ó ń gbádùn. Mo dúró lókèèrè, mo ké sí i pé, “Ààlọ́ o!” Ẹnu rẹ̀ dáhùn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì nínú, “Ààlọ̀!” Òun gan-an kò mọ̀ pé òun dáhùn. Ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá lè gbàgbé ọ̀nà ilé, ẹnu rẹ̀ kò ní gbàgbé ààlọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe Òfin Àsọdùn tó so Ẹlẹ́rìí mọ́ gbogbo wa lọ́rùn, àwọn ìyá àgbà ló gbé àpótí lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, wọ́n ní àwọn ò lè máa pa àlọ́ ìjàpá fún ọmọ-ọmọ kí nǹkan máa ké bí adìyẹ lọ́rùn àwọn. Ìjọba túúbá. Bí ẹnìkan bá ti pe ààlọ́, tí ẹlòmíràn sì dáhùn, oorun ni fún Ẹlẹ́rìí ẹni tó pè é títí tí yóò fi gbọ́ kí wọ́n fọwọ́ lu ẹnu, pó, pó, pó, pé àlọ́ ti tán. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ìkẹfà gan-an, ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ka mẹ́rìndínlógún bóyá wọ́n rí ihò yẹn nínú òfin.

“Kí lẹ bá wá, sà?” ni Ajíbóyè bi mí.

“Mo wá gbọ́ ohùn bàbá tó bí ìyá mi. Ó wà ní Yàrá Ìsàlẹ̀.”

Ó tún fìlà dé. “Ìyẹn le. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀gágun nìkan ló ń wọ Yàrá Ìsàlẹ̀.”

“Ta lẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ọ̀gágun paraku ni bàbá ìyá mi! Nígbà Ogun Ìkùukùu, ó fi ìka kan dá ọkọ̀ òfuurufú méje dúró lójú ọ̀run, ó ń fi ìka kejì yọ ẹran léyín!”

Ẹlẹ́rìí ń sùn. Ajíbóyè na ara rẹ̀ ṣánṣán, ó kí mi bí wọ́n ti ń kí olórí ogun, ó ṣí géètì.

Kí n tó wọlé, mo bojú wẹ̀yìn. Lódìkejì títì, lábẹ́ igi ìgbá, ìyá mi jókòó sórí àpótí. Màmá Àwẹ̀ró ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ń fọ́ àsálà, wọn ò jẹ ẹ́. Eyín tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ ti kúrò nílé ọjọ́ ti pẹ́. Ọwọ́ wọn ló kàn ń wá iṣẹ́ ṣe. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí.

Ọ̀rọ̀ bàbá wọn ló gbé wa débẹ̀. Ògúnrìndé wọ aṣọ ogun lọ nígbà tí àwọn ará Ìlú Aléfòó, àwọn tó ń gbé lórí omi òkun, fi okùn ìmọ́lẹ̀ fa ìkùukùu kúrò lórí oko wa. Wọ́n mú un lẹ́rú lọ sórí omi. Ọdọọdún, ní Àyájọ́ Ogun, ìjọba máa ń gbé gbohùngbohùn sí gbogbo ìkóríta, ohùn rẹ̀ tí àwọn ará Ìlú Aléfòó gbà sínú ìgò nígbèkùn á sì jáde: “Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ ogun wa ló wà lábẹ́ òkè Asabàrí. Ẹ gba ẹ̀yìn òkè wọlé, wọn ò ní gbọ́ yín.” Ibẹ̀ ni yóò ti gé. Àwọn ọmọ iléèwé á hó, “Ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀dàlẹ̀!” wọ́n á máa sọ èèpo ọsàn lu gbohùngbohùn náà. Màmá á di òwú sétí.

Ohun tó tún wá ba ọ̀ràn jẹ́ ni pé ọkọ̀ méjì ló kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n bọ̀ wálé. Èyí tó kó àwọn mẹ̀kúnnù rì sómi. Ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ni Ògúnrìndé bá dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí ìkòkò tuntun. Àwọn èèyàn ní kí ló gbé e débẹ̀, kí ló jẹ tó fi sanra, bí kò bá jẹ́ pé ó ta ẹnìkan? Wọ́n bi í, kò fèsì. Màmá ní kí ó tó lọ sógun, kò sí alẹ́ tí kì í pa àlọ́. Lẹ́yìn tó dé, kò pa àlọ́ mọ́ títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń ki Màmá, bí wọ́n bá ti dé orí bàbá wọn, ẹni tó ń kì wọ́n á dákẹ́ bí ẹni tó rí eṣinṣin lórí òkèlè. Obìnrin àádọ́rin ọdún, a ò tíì kì í tán rí.

Wàyí o, Ilé Ohùn ti kéde pé ìgò ò tó mọ́, pé lọ́la àwọn yóò tú àwọn ohùn àtijọ́ sáfẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá tú u, kìkì èyí tó wà nínú gbohùngbohùn ló máa ṣẹ́ kù láyé nípa rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ kí ó tó sọ ìyẹn, àti èyí tó sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọpinpin ń yún mi lára débi pé bí mo bá họ ọ́, òkúta á yọ lára mi.

Yàrá Ìsàlẹ̀ tutù bí inú àmù. Ìgò tò láti ilẹ̀ dé àjà, ohùn kọ̀ọ̀kan ń rá bàbà nínú tirẹ̀ bí èéfín sìgá. Obìnrin kan jáde láàárín wọn, ó tín-ínrín, ó wọ awò ojú.

“Ẹ kú ọ̀sán,” ni ó wí, “bí ọ̀sán bá ti lé lóòótọ́. Fadérera lorúkọ mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí mi ṣe sọ fún mi. Ó jọ pé èmi ni ọ̀gá níbí.”

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn láyé ìsinsìnyí. Wọ́n á rọra tẹ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin, kí Ẹlẹ́rìí má bàa jẹ wọ́n níyà.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọ̀gágun Ògúnrìndé ni mo wá gbọ́.”

Ó bọ́ awò ojú. “Ògúnrìndé ti orí gbohùngbohùn? Èyí tí èmi náà sọ èèpo ọsàn lù nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá rántí dáadáa?”

“Òun náà.”

“N kò gbọ́ ọ rí pé ọ̀gágun ni.” Ó wo ọrùn mi. Ẹlẹ́rìí ń mí, kò ké. Ó mira. “Ẹ máa bọ̀.”

Ó gun àkàbà, ó wá, ó wá, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò kan tí eruku bò. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ nù ún. Àmì tí àwọn ará Ìlú Aléfòó lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀, Fadérera kà á sókè, ẹnu sì yà á.

“Ọ̀gágun Ògúnrìndé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.”

Ta lẹnu yà jù? Èmi ni! Irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi sọ lẹ́nu géètì, tí itọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ lẹ́nu mi, ó ti wà lára ìgò kí wọ́n tó bí mi! Mo fọwọ́ di ògiri mú. Mo ní nínú ara mi pé, Àlàmú, ìwọ yìí ti wá gbóná débi pé bí o bá purọ́, ayé àtijọ́ á yára lọ ṣe é.

“Mo sọ fún yín àbí n ò sọ?” ni mo wí síta.

Fadérera fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ìgò náà mú kí ó lè móoru. Èéfín inú rẹ̀ yí po. Ohùn kan jáde, ohùn ẹ̀rọ ògbufọ̀, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà: “Ọ̀gágun. Sọ. Ibo ni ọmọ ogun wà.”

Ohùn tí mo mọ̀ láti kékeré sì tẹ̀ lé e: “Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ ogun wa ló wà lábẹ́ òkè Asabàrí. Ẹ gba ẹ̀yìn òkè wọlé, wọn ò ní gbọ́ yín...”

Ibi tí gbohùngbohùn máa ń gé e sí nìyẹn. Ìgò kò gé e.

“...wọn ò ní gbọ́ yín, torí pé ìgbín ni gbogbo wọn ń gùn. Ariwo pátákò ìgbín ti di wọ́n létí pátápátá.”

“Ìgbín,” ni ẹ̀rọ wí. “Ṣé ohun ìjà ni.”

“Há, ọ̀gá! Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ rí mànàmáná yẹn? Ìgbín ló kọ́ ọ níṣẹ́. Èyí tí mo ń gùn tẹ́lẹ̀, tí mo bá gùn ún láàárọ̀, àná ni mo máa ń dé.”

“Ọ̀gágun. Ta ló ń fún yín ní òjò.”

“Òjò kẹ̀? Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kọ́ òjò bí wọ́n ṣe ń rọ̀.”

 Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Màmá bá ń wẹ̀ mí tí mo ń ké nítorí omi tútù, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń sọ kí n lè rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ káàkiri títí mo fi gbà pé orí tèmi ló ti jáde. Àṣé ogún ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Fadérera kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́ ọ!” ni mo wí. “Yẹ̀yẹ́ ló ń fi wọ́n ṣe!”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìyà ti yí i lórí. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá ya wèrè, ọ̀dàlẹ̀ tó ya wèrè náà ni, lójú òfin. Kí ló máa fi hàn pé ó mọ ohun tó ń sọ? Wọn ò ní Ẹlẹ́rìí nígbà náà.” Ó fẹ́ gbé ìgò náà padà.

“Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

“Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ la ti gbọ́.”

“Rárá. Kí ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ìrù nǹkan kan. Ó ṣe bíi ‘lọ̀’.”

Ó wo àmì ara ìgò. “Ikọ́ ni. Àwọn ará Ìlú Aléfòó kọ ọ́ síbẹ̀: ẹlẹ́wọ̀n wúkọ́, àwọn tó kù wúkọ́. A máa ń fo ikọ́.”

Àwọn tó kù wúkọ́!  Mo mọ irú ikọ́ tí ẹnìkan máa ń wú tí ogunlọ́gọ̀ á bá a wú. Èmi náà ti wú u lọ́sàn-án yẹn lẹ́nu géètì.

Ẹ wò ó, kò sí ọjọ́ tí mo jókòó sórí ọ̀pẹ tí mo tún fẹ́ fi ẹnu gé e bí ọjọ́ náà. Bí mo bá panu mọ́, mo ti di ọmọ-ọmọ ọ̀gágun. Àmì ti wà lára ìgò, Ajíbóyè á kí mi bí mo bá ń jáde lọ, wọ́n lè fún mi ní ẹṣin. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí obìnrin olóye yìí gbọ́ ikọ́ yẹn, yóò mọ ohun tó ń mú Ẹlẹ́rìí sùn. Wọ́n á sì gba ohùn mi. Kí wọ́n gba ohùn lọ́wọ́ Àlàmú! Kí wọ́n kúkú gba omi lọ́wọ́ ẹja, kí wọ́n ní kí ó máa fẹsẹ̀ rìn.

Mo rántí àsálà tí Màmá ń fọ́ láìjẹ.

“Ẹ má fò ó, ọ̀gá mi,” ni mo wí. “Mo bẹ̀ yín.”

Fadérera wò mí. Bóyá ó rí i pé ohùn mi ti kúrò ní ti ẹlẹ́nu dídùn. Ó dojú ìgò kọ ilẹ̀, ó rọra gbọ̀n ọ́n, ó tún fọwọ́ dì í mú.

Afẹ́fẹ́ òkun ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀wọ̀n dún wọnran. Ilẹ̀kùn kan ṣí. Ọkùnrin kan hú gbìn-ín, ó gbé ohùn sókè, ó ké pé:

“Ààlọ́ o!”

Láti ẹ̀yìn ògiri, àwọn ọkùnrin tí ebi ti mú kí ohùn wọn ha dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

“Ààlọ̀!”

“Ààlọ̀!” ni Fadérera náà wí.

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kí ó tó mọ̀. Ó fìka kan ètè rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ta. Nínú ìgò, ẹ̀rọ ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀: “Ọ̀gágun. Sọ. Ibo ni ọmọ ogun wà.” A kò fetí sí i mọ́.

“Àlọ́ ni,” ni ó wí jẹ́jẹ́. Kò fi “lójú tèmi” kún un. “Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ wà nígbèkùn pé àlọ́ ni kí ó tó la ẹnu. Gbogbo wọn ló sì gbà.” Ẹlẹ́rìí rẹ̀ dákẹ́ lọ rere.

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ. Ìgò yìí kò ní tú lọ́la. Èmi fúnra mi ni n óò gbé e lọ sínú gbohùngbohùn, lódindi.”

Ká ní mo gbọ́n ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dìde. Ṣùgbọ́n ìtọpinpin ò jẹ́. Ìgò ń lọ, àlọ́ ìgbín kọjá, ti òjò kọjá, ilẹ̀kùn pa dé, bàtà àwọn ará Ìlú Aléfòó rìn jìnnà. Ni ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ògiri.

“Alásè! Kí ni wọ́n fún ọ lónìí?”

Fadérera gbé orí sókè. “Alásè?”

“Ẹran,” ni ohùn Ògúnrìndé wí. “Ó wà lábíyá mi, ẹ na ọwọ́ gba inú ihò yìí. Mo ti jẹ tèmi lójú wọn kí wọ́n má bàa fura. Ọ̀gágun dà? Ẹ fún un ní èyí tó lọ́ràá. Ẹ ní kí ó máa fọ àwo rẹ̀ lọ, kí ó má gbé ojú sókè. Bí ó ṣe ń nàró yẹn, kò jọ alásè rárá.”

Ẹ̀rín bú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíá.

“Ìwọ ọ̀jẹun yìí, o kàn fẹ́ jẹ ẹran ni!”

“Kí lẹ ti wá rò? Mo gbọ́ pé ọ̀gágun nìkan ni wọ́n ń fún lẹ́ran, mo ní èmi ni. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ bi mí ní ìbéèrè!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹ̀rín nìkan kọ́ ló fa omi náà. Nítorí irọ́ ẹran yẹn ni wọ́n ṣe fi í sínú ọkọ̀ àwọn ọ̀gá. Gbogbo àwọn tó ń dá a lóhùn, àti ọ̀gágun gidi tó ń fọ àwo, inú ọkọ̀ kejì, èyí tó rì, ni wọ́n wà. Ta ni ì bá tún pe ààlọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn? Ta ni yóò dáhùn?

Fadérera ti dìde. Ó ń wo ọrùn mi.

“Alásè ni bàbá ìyá ẹ.”

“Ó... ó jọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá.”

“O sọ fún mi pé ọ̀gágun ni. Ẹlẹ́rìí ẹ ò ké.” ‘Ẹ’ ti di ‘o’ mọ́ mi lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ bá olè. “Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí o sọ fún Ajíbóyè lẹ́nu géètì?”

Kí n tó wá irọ́ kan tó mọ́, ohùn Ògúnrìndé tún jáde nínú ìgò. “Ó dàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Àlọ́ mi ti òní tán. Bí mo bá purọ́ fún ẹni tó yẹ kí n sòótọ́ fún, kí agogo ẹnu mi má ró.” Ó fọwọ́ lu ètè.

Pó!

Mo fò sókè.

Pó!

Fadérera fi ọwọ́ de ẹnu ìgò náà pa.  Iná ìdí Ẹlẹ́rìí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni ó wí. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ẹsẹ̀ mi. “Bí wọ́n bá bi mí, n kò lè sọ pé n kò rí ọ. Ṣé ẹsẹ̀ ẹ dá ṣáṣá?”

“Bí ti ìgbín, ọ̀gá.”

Mo ti dé orí àtẹ̀gùn kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò.

Pó!

Áà! Gbogbo irọ́ tó ti sùn láti ẹnu géètì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀! Ti òjò. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀! Ti ọkọ̀ òfuurufú méje. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀! Ti ọ̀gágun. Ó dà bíi pé mo so ilé adìyẹ mọ́ ọrùn. Mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, mo yọ sí géètì, Ajíbóyè na apá méjèèjì dínà.

“Òun nìyí! Ẹ mú un! Ìwọ! Dá ọpẹ́ òjò mi padà!”

Mo bẹ́ gba abẹ́ apá rẹ̀. Ó gbá bùbá mi mú, mo bọ́ ọ fún un. Mo dé àárín títì ní ìhòòhò ìdajì, mo kọjú sí abẹ́ igi ìgbá, mo ké tagbára tagbára:

“Màmá! Alásè ni bàbá yín! Alásè ni! Kò ta ẹnikẹ́ni! Àlọ́ ló pa fún wọn, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà nígbèkùn ló sì dá a lóhùn!”

Ẹlẹ́rìí gbé igbe jẹ lágbede méjì. Ó dákẹ́ wẹ́lo.

Ìlà dákẹ́. Ajíbóyè dákẹ́, bùbá mi lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń tẹ́tí bóyá yóò ké. Kò ké. Ọ̀gbẹ́ni tí oòrùn sun mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó ní, “Kò ké o. Ẹ̀yin èèyàn, kò ké.”

Màmá dìde. Àsálà dànù lẹ́sẹ̀ wọn.

“Alásè?” ni wọ́n wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. “Mo mọ̀! Mo mọ̀! Ọbẹ̀ tó ń sè fún wa kì í ṣe ọbẹ̀ ológun!” Wọ́n fọwọ́ méjèèjì lu àyà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara wọn: “Àwẹ̀ró, ọmọ Ògúnrìndé! Ọmọ Ògúnrìndé...” Orúkọ náà jáde lójú títì, lójú oòrùn, kò sí ẹni tó hó.

Ó wù mí kí n dúró gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Ajíbóyè ti rántí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn sì ti ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìjàlọ. Mo ki eré mọ́lẹ̀. Mo sá débi pé òjìji mi ní ó ti rẹ òun, ó lọ jókòó ti Màmá. Mo yà sí ọ̀nà òkè Asabàrí, mo bojú wẹ̀yìn, mo sì pariwo mọ́ wọn lójú:

“Ẹ máa sá bọ̀! Kò sẹ́ni tó lè bá mi láyé ńbí! Ìgbín ni mo ń gùn!”

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀!